Ẹni tó ṣubú nínú ilé onílé l'Ékòó: ta ni kó bá a gba ẹ̀tọ́ rẹ̀?

Ọjọ́ Sátidé ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màámi, lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ wọn nínú họ́ọ̀lù kan ní Ìkẹjà. Àwọn alásè ti wọ́ kúlà omi yìnyín gba iwájú ilé ìtọ̀ kọjá, omi sì ti kán sílẹ̀ lórí táìlì funfun tó ń dán bíi dígí. Kò sẹ́ni tó nù ún. Kò sẹ́ni tó gbé àga síbẹ̀ kí èèyàn lè yà fún un. Màámi gbé ẹsẹ̀ kan, èkejì yọ̀, wọ́n sì fi ìbàdí ọ̀tún lu ilẹ̀. Títí dòní, ohun tí mo ń rí ni bí wọ́n ṣe jókòó síbẹ̀, ọwọ́ kan lórí gèlè kó má baà ṣí, èkejì nínú omi yẹn, tí wọ́n ń bẹ̀ wá pé, "Ẹ má pariwo, ẹ má jẹ́ kí inú ìyàwó bàjẹ́ lónìí." Eegun itan ti ṣẹ́ lókè, níbi tó ti wọ ìbàdí.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú tí máníjà họ́ọ̀lù náà fi dé ọsibítù. Ó mú ₦80,000 wá, ó sì mú bébà kan dání. Ọmọ Màámi ọkùnrin, tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbì kan, fọwọ́ sí i lórí ìdúró. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la tó kà á: owó yẹn ti parí gbogbo ọ̀rọ̀, ẹbí kò sì ní bi họ́ọ̀lù léèrè ohunkóhun mọ́. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe fún Màámi lọ́sẹ̀ náà ju ìlọ́po ogún owó yẹn lọ.

Ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi ń ti ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n mo ti jókòó níwájú wọn tó láti mọ ìyàtọ̀. Ohun tó ń dùn mí jù ni bí àwọn èèyàn wa ṣe máa ń sọ pé "àmúwá Ọlọ́run ni", tí wọ́n á gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ olóògùn eegun, tí ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Omi tí ẹnì kan dà sílẹ̀ tí kò nù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e ka Ọlọ́run lọ́rùn. Mo fẹ́ fi àwọn tó lè bá ẹni tó ṣubú gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ wé ara wọn, Èkó ni mo sì gbé ìfiwéra náà kà, torí òfin ìpínlẹ̀ kan kì í ṣe ti èkejì.

Kàlẹ́ńdà ló kọ́kọ́ yan lọ́yà fún yín

Kí ẹ tó ronú owó, ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí ilẹ̀ tí ẹ ṣubú sí wà níkàáwọ́ rẹ̀. Òfin Èkó tí wọ́n ń pè ní Law Reform (Torts) Law sọ pé ẹni tí àṣẹ ibì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra tó bó ti yẹ kí àlejò tó bá wọlé má fara pa. Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin kò sọ pé ẹni tó ni ilé nìkan. Nínú ilé onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn ayálégbé pọ̀ sí, inú yàrá wà lọ́wọ́ ayálégbé, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo ayé ń gbà sábà máa ń wà lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá jábọ́ lórí àtẹ̀gùn tí irin rẹ̀ ti jẹrà kò ní ìdí láti máa bá ayálégbé ìsàlẹ̀ jà.

Bí ilé aládàáni bá ni, ọdún 3 ni òfin Èkó fún ẹni tó fara pa láti gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tàbí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́nu iṣẹ́ wọn, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba lè sọ ọ́ di oṣù 3 péré. Àwọn àjọ ìjọba kan àti ìjọba ìbílẹ̀ tún ń béèrè pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé ìkìlọ̀ ṣáájú ẹjọ́. Nítorí náà, ẹni tó ṣubú ní họ́ọ̀lù bíi ti Màámi ní àyè láti wo ọ̀tún wo òsì. Ẹni tó já sínú gọ́tà tí kò ní ìdérí nínú ọgbà ọ́fíìsì ìjọba kò ní àyè yẹn, ọ̀sẹ̀ yìí gan-an ni kó rí lọ́yà.

Ohun kan wà tó ti pa ẹjọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ní, "A ṣì ń bá wọn sọ̀rọ̀ ni." Ní 1994, nínú ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà sọ ọ́ gbangba pé ìjíròrò láàárín ẹ̀yin méjèèjì kì í dá ọjọ́ dúró. Ẹ lè máa mu tíì pẹ̀lú máníjà títí ọjọ́ fi kọjá.

Lọ́yà àdáni: bó ṣe ń gbowó ni kí ẹ fi wé ara wọn

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n gbà dárúkọ owó fún wa. Lọ́yà àkọ́kọ́ ní iye kan fún gbogbo iṣẹ́, ká san ìdajì rẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìkejì ní ká mú owó kékeré wá láti bẹ̀rẹ̀, ká sì máa san iye kan ní gbogbo ìgbà tó bá lọ dúró ní kóòtù. Ìkẹta ní òun á gba ìpín nínú ohun tí a bá rí gbà. Bí a ò bá rí nǹkan kan, òun náà ò ní gba owó iṣẹ́.

Ti ìkejì la kọ́kọ́ mú, torí owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré jù. Ó kù díẹ̀ kó jẹ wá tán. Lọ́jọ́ kan adájọ́ kò jókòó. Lọ́jọ́ mìíràn agbẹjọ́rò họ́ọ̀lù kọ lẹ́tà pé ara òun ò yá. Lọ́yà tiwa ti dé, ó sì ti wọ aṣọ dúdú rẹ̀, owó ọjọ́ náà ti di tirẹ̀. Mi ò bá a jà, iṣẹ́ tí a fẹnu kò lé lórí ló ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ẹjọ́ ìfarapa, tí ìsúnsíwájú pọ̀ nínú rẹ̀, ọ̀nà yìí ló burú jù fún ẹni tó ṣì ń ra oògùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òfin ka ti ìkẹta léèwọ̀. Rárá o. Ìlànà ìwà àwọn agbẹjọ́rò fàyè gbà á nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn, bí àdéhùn náà kò bá ti ní ìrẹ́jẹ nínú. Lọ́yà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ yé yín, kó fún yín láyè láti yan ọ̀nà ìsanwó mìíràn bí ẹ bá fẹ́. Bí ìfarapa bá le, tí ẹni tó jẹ̀bi sì lówó lọ́wọ́ (ilé ìtajà ńlá, òtẹ́ẹ̀lì, họ́ọ̀lù), èyí ni màá kọ́kọ́ béèrè. Bí ó bá jẹ́ lánlọ́ọ̀dù arúgbó tí ilé kan ṣoṣo ni gbogbo ohun tó ní, ẹ má retí pé lọ́yà á gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n níbi ìpín yìí, ìbéèrè kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: ìpín nínú kí ni? Ẹ jẹ́ ká ní ₦6,000,000 ni wọ́n san, owó ọsibítù tí ẹ ti ná sì jẹ́ ₦2,500,000. Bí lọ́yà bá gba 30% nínú àpapọ̀, ₦1,800,000 lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti dí ojú owó ọsibítù, ₦1,700,000 ló kù fún ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́. Bí ẹ bá kọ́kọ́ yọ owó ọsibítù kẹ́ ẹ tó pín, ₦1,050,000 ni ti lọ́yà, ₦2,450,000 ló sì kù fún aláìsàn. Ìlà kan péré nínú àdéhùn ló fa ìyàtọ̀ ₦750,000. Ẹ tún béèrè ẹni tó máa san owó ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́ àti owó ìwé ẹ̀rí dókítà, torí pé àwọn wọ̀nyẹn kì í ṣe owó iṣẹ́. Kí gbogbo rẹ̀ wà lórí bébà, kí ẹ ní ẹ̀dà kan lọ́wọ́.

Kí ẹ sì mọ̀ pé lọ́yà ni lóòótọ́. Òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, NBA, tó ń lẹ̀ mọ́ ìwé rẹ̀ máa ń ní orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SCN. Ẹni tí kò lè fi hàn yín, ẹ dìde níwájú rẹ̀.

OPD àti Legal Aid Council: ọ̀fẹ́ méjì tí kò jọra

Ọ́fíìsì lọ́yà ìjọba ni àwọn méjèèjì, wọn kì í gba owó iṣẹ́, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń dà wọ́n pọ̀. Office of the Public Defender, OPD, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ni. Ọdún 2000 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Legal Aid Council jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ó sì wà káàkiri orílẹ̀-èdè.

Òfin Legal Aid ti 2011 sọ ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún: ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí, ìyẹn ₦70,000 láti 2024. Wọ́n lè yọ̀ǹda fún ẹlòmíràn bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣàrà ọ̀tọ̀. Ohun tó yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ní òbí àgbà fi sọ́kàn ni pé ẹni tó fara pa gan-an ni wọ́n ń wò. Màámi ti fẹ̀yìn tì, wọn kò ta ohunkóhun mọ́, wọ́n wọlé. Ọmọ tó ń san owó ọsibítù wọn ni kò bá wọlé. Òfin náà sì dárúkọ ẹjọ́ owó gbà-má-bínú lórí jàǹbá nínú ohun tí wọ́n lè dúró fún, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n nìkan ni iṣẹ́ wọn, irọ́ ni.

OPD náà ń gba ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká lọ́yà. Níbi tí mo ti rí ìyàtọ̀, OPD mọ Èkó dunjú: wọ́n mọ ọ́fíìsì tó yẹ kí wọ́n kọ̀wé sí, lẹ́tà tó bá sì ti ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ jáde máa ń yá àwọn onílé lára láti dáhùn. Bí ẹ bá ń gbé Èkó, tí ẹ sì ṣubú l'Ékòó, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Bí ẹ bá ṣubú ní Ọ̀tà tàbí ní Ìbàdàn, Legal Aid ni.

Ohun tí ọ̀fẹ́ ń gbà lọ́wọ́ èèyàn ni àsìkò. Lọ́yà tó jókòó sí tábìlì níwájú wa ní fáìlì tó ga tó ìgbọ̀nwọ́ mi, ẹni tó wà látìmọ́lé ló sì kọ́kọ́ ń dá lóhùn. Mi ò lè sọ pé kò dáa. Ẹ sáà máa lọ béèrè lemọ́lemọ́, kí ẹ sì máa kọ ọjọ́ tí ẹ lọ sínú ìwé.

Ká jókòó sọ ọ́: CMC àti Multi-Door

Citizens' Mediation Centre, CMC, wà lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó láti 1999, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ó gbé ẹ̀sùn yín lọ, wọ́n á kọ̀wé pe ẹnì kejì, ẹ ó jókòó yí tábìlì ká pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni. Ó jọ ìgbà táwọn àgbà ilé bá pe ọ̀rọ̀ jọ. Kì í ṣe kóòtù, kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi; bí ẹnì kejì bá ní òun ò san, kò sí ìdájọ́ tí ẹ máa mú lọ sílé. Lagos Multi-Door Courthouse, ibi ìlàjà mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, tó sì jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tó so mọ́ kóòtù nílẹ̀ Áfíríkà, ń gba owó. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá fẹnu kò lé lórí níbẹ̀ lè di àṣẹ kóòtù.

Bó bá jẹ́ ọrùn ọwọ́ tó yẹ̀, tí owó ọsibítù kò ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ, tí lánlọ́ọ̀dù náà sì gbà pé àtẹ̀gùn òun ló bàjẹ́, CMC tó. Ẹ sáà rí i pé ọjọ́ ìsanwó kọ̀ọ̀kan wà nínú ìwé àdéhùn. Bí ó bá jẹ́ eegun ìbàdí, orí, tàbí ẹ̀yìn, ẹ má lọ jókòó sídìí tábìlì kankan láìní lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, torí ẹ kò tíì mọ iye tí ara náà máa ná yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ìjókòó kò bá yọrí sí rere, ẹ kò pàdánù. Ilé-Ẹjọ́ Gíga Èkó ń béèrè, kó tó gba ẹjọ́ yín, pé kí ẹ fi hàn pé ẹ ti gbìyànjú láti yanjú ọ̀rọ̀ náà nítùbí-ìnùbí.

Omi kan náà, ọ̀nà méjì

Ká ní ọmọ tó ń gbé oúnjẹ kiri nínú họ́ọ̀lù yẹn, tí họ́ọ̀lù gbà síṣẹ́, ló yọ̀ ṣubú sínú omi yẹn ńkọ́? Ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Employees' Compensation Act ti 2010, òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, ló kàn án, NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀, ló sì ń san owó náà. Màámi ní láti fi hàn pé àwọn onílé kùnà. Ọmọ yẹn kò nílò rẹ̀, kó sáà jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló wà. Ó gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14, kó sì béèrè owó náà láàárín ọdún kan. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, òfin yẹn gba ẹ̀tọ́ àtipe ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn ọ̀gá kan máa ń sọ fún òṣìṣẹ́ pé kó lọ fara mọ́ ₦20,000. Ẹ jẹ́ kó lọ bi NSITF léèrè kó tó gbà á.

Àwọn ilẹ̀kùn tí kò yẹ kí ẹ kàn

Àgọ́ ọlọ́pàá làwọn kan máa ń sáré lọ. Ẹ lè lọ fi ọ̀rọ̀ náà tó wọn létí kó wà lákọọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òfin ọlọ́pàá ti 2020 sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú ẹnikẹ́ni torí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Owó tí ẹ bá fi "ran ọlọ́pàá lọ́wọ́" ti lọ nìyẹn.

Small Claims Court tí gbogbo èèyàn ń yìn, tó ń yára, gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú tí kò ju ₦5,000,000 lọ ló wà fún. Ìrora Màámi kì í ṣe gbèsè tó ti ní iye. Májísíréètì lásán ni kí ẹ lọ bí ohun tí ẹ ń béèrè kò bá ju ₦10,000,000 lọ, Ilé-Ẹjọ́ Gíga bó bá jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi onílé bóyá ó ní ìbánigbófò tó kan ìfarapa àlejò. Láti 2003 ni òfin ti sọ pé ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìbánigbófò, ṣùgbọ́n ewu bíi ilé wíwó, iná, ìjì àti àgbàrá ló dárúkọ, kò dárúkọ táìlì tó tutù. Bí wọ́n bá ní èyí tó kan ìfarapa àlejò, owó wà níbì kan. Àmọ́ ẹni tí iléeṣẹ́ ìbánigbófò bá rán wá kì í ṣe lọ́yà yín, bó ti wù kó bọ̀wọ̀ fún yín tó.

Ohun tí gbogbo wọn máa béèrè

Ẹ ya fọ́tò ilẹ̀ náà kí wọ́n tó nù ún, ẹ ya bàtà tí ẹ wọ̀. Fóònù tó ya fọ́tò náà, ẹ má tà á. Abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 ń béèrè ìwé tó ń jẹ́rìí sí ẹ̀rọ tí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ti jáde. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni kí ẹ kọ lẹ́tà pé kí wọ́n má pa ohun tí kámẹ́rà CCTV wọn gbà rẹ́. Àwa kò kọ ọ́ lásìkò. Nígbà tí lọ́yà fi máa béèrè, wọ́n ní ó ti pa rẹ́ fúnra rẹ̀.

Rìsíìtì ni kóòtù ń gbà fún owó tí ẹ ti ná, kóbọ̀ lórí kóbọ̀. Olóògùn eegun kì í fúnni ní rìsíìtì, nítorí náà ẹ fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀, ẹ má kà á lé e lọ́wọ́. Kí ẹ sì bẹ̀ ẹ́ kó kọ ọjọ́ àti iṣẹ́ tó ṣe sórí bébà, kó fọwọ́ sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Màámi já sí

Lọ́yà tó gba ìpín la parí rẹ̀ pẹ̀lú, 20% lẹ́yìn tí a bá ti yọ owó ọsibítù. Họ́ọ̀lù ní alásè ló da omi. Alásè ní họ́ọ̀lù ni kò ní ẹni tó ń nu ilẹ̀. Lọ́yà wa kọ̀wé sí àwọn méjèèjì pa pọ̀, kò dúró kí wọ́n parí àríyànjiyàn wọn. Lórí bébà ₦80,000 yẹn, ohun tó sọ ni pé Màámi kò dákú lọ́jọ́ náà, orí wọn pé, wọn kò sì rán ọmọ wọn kó lọ fọwọ́ síwèé fún wọn. Bébà náà kò mú wọn.

Multi-Door la ti parí rẹ̀, lẹ́yìn ìjókòó mẹ́ta. Họ́ọ̀lù san èyí tó pọ̀, alásè san ìyókù, ní ìdá mẹ́rin, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sì wà nínú ìwé. Owó náà kò tó ohun tí a béèrè, àmọ́ ó dí gbogbo gbèsè ọsibítù, díẹ̀ sì kù fún ẹni tó ń bá wọn tọ́jú ẹsẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Màámi bóyá wọ́n ní nǹkan mìíràn láti sọ, wọ́n gbára lé ọ̀pá wọn, wọ́n ní kí wọ́n tẹ́ nǹkan síwájú ilé ìtọ̀ yẹn. Lọ́yà ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn náà, wọ́n sì kọ ọ́, ó jẹ́ ìlà keje.